Ẹ̀jẹ̀ Tí A Gbà ní Làìbéríà

Ní ọdún 1982, àwọn onímọ̀ ìṣègùn mẹ́ta kan, ará Jámánì, tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà kan ní ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Làìbéríà ni wọ́n yẹ̀ wò. Nínú ènìyàn 433, wọ́n rí 26 tí ẹ̀jẹ̀ wọn fi hàn pé kòkòrò Ẹ̀bólà ti bá wọn jà rí. Wọ́n sì kọ ọ́ láìfi bò pé ó yẹ kí a ka Làìbéríà mọ́ àwọn ilẹ̀ tí àrùn náà fi ṣe ibùgbé. Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Àlejò ti ibí yìí ríran kedere. Onílé ni a kò sọ fún.

Kì í sì í ṣe pé Làìbéríà kò ní ilé ìwádìí. Ní ọdún 1952 ni a ṣí èyí tí ó wà ní Harbel, lẹ́bàá oko rọ́bà Firestone; Harvey Firestone Kékeré ni ó fi í ṣe ìrántí baba rẹ̀. Láti 1974 ni àwọn onímọ̀ láti New York ti ń fi àwọn ìnàkí ṣe ìdánwò abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn mẹ́dọ̀wú ní àgbègbè kan náà. Gbogbo ayé ni ó jẹ àǹfààní iṣẹ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ni ogun abẹ́lé dé ní ìparí ọdún 1989, kò sì sí ẹni tí ó tún rántí yàrá àyẹ̀wò.

Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí kú ní Foya, ní ìpínlẹ̀ Lofa, ní oṣù March 2014, Conakry ní ilẹ̀ Gíní ni a ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Kí àjàkálẹ̀ náà tó rọlẹ̀, ó ti pa ènìyàn tí ó lé ní 4,800 ní Làìbéríà nìkan. Ní oṣù July ọdún kan náà ni arìnrìn-àjò kan gbé e láti Monrovia wọ Èkó. Yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìdí-Àràbà kò jìnnà. Èsì dé láàárín ọjọ́ díẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí wá gbogbo ẹni tí ó ti fara kan aláìsàn náà. Ènìyàn 20 ni ó kó o ní Nàìjíríà, 8 sì kú, Dókítà Ameyo Adadevoh sì wà lára wọn, ẹni tí ó kọ̀ kí aláìsàn náà jáde.

Ní oṣù April 2015 ni Dókítà Bernice Dahn, olórí àwọn dókítà ìjọba Làìbéríà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn New York Times pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìwé ọdún 1982 náà ni. Kò sí ará Làìbéríà kankan nínú àwọn tí ó kọ ọ́. Dọ́là 45 ni a ń tà á nígbà náà, iye tí ó tó ìdajì owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan fún dókítà ní Làìbéríà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ rí i kà, ó lè má dá àrùn náà dúró; ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tí ó bá mọ̀ pé Ẹ̀bólà ń bẹ nílé kò ní fi ọwọ́ lásán kan ẹ̀jẹ̀.

Ní ọdún 2017 ni àjọ ìlera gbogbo ènìyàn ti ìjọba Làìbéríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní April ọdún náà, àwọn tí ó lọ sí ìsìnkú kan ní ìpínlẹ̀ Sinoe bẹ̀rẹ̀ sí kú. 13 ni ó kú lápapọ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, yàrá àyẹ̀wò Làìbéríà fúnra rẹ̀ ti sọ pé kì í ṣe Ẹ̀bólà. Pé àìsàn yírùnyírùn ni, láti Atlanta ní Amẹ́ríkà ni èsì yẹn ti wá ní oṣù May.