Ìdí Tí Akọ́ṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Fi Ń Padà Sórí Windows

Bí a bá fẹ́ sọ ìtàn kọ̀ǹpútà ní àwọn ìlú Afijio bíi Fìdítì àti Ìlọrà, ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì tí wọ́n sì máa ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB nígbà kan. Nínú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, Windows ni wọ́n sì bá lórí rẹ̀. Bí akọ́ṣẹ́ kan bá wá gbìyànjú Linux, ètò mìíràn tó lè rọ́pò Windows, tó tún sáré padà sórí Windows, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ǹpútà a máa pè é ní ọ̀lẹ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó lè ràn án lọ́wọ́ ló padà lọ bá, orí Windows ni gbogbo wọn sì wà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọdún 2007. Nàìjíríà ń ra Classmate PC 17,000, kọ̀ǹpútà kékeré tí Intel ṣe fún ọmọ iléèwé. Mandriva, ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé, gba iṣẹ́ pé Linux tiwọn ni yóò wà lórí rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ pé agbaṣẹ́ṣe tó ń pèsè kọ̀ǹpútà náà yóò san owó Linux o, ṣùgbọ́n yóò pa á rẹ́, yóò sì fi Windows rọ́pò rẹ̀. Inú bí François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, ó sì kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft. Ìròyìn tún jáde pé Microsoft ń bá agbaṣẹ́ṣe náà sọ̀rọ̀ lórí $400,000 fún ìpolówó. Àjọ USPF ti ìjọba Nàìjíríà, tó ń sanwó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ náà, ní Mandriva làwọn ń bá lọ. Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀rí rèé pé owó ló fìdí Windows múlẹ̀. Owó lọ́wọ́ sí i, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ló fún akọ́ṣẹ́ Fìdítì ní kọ́bọ̀ tí òun náà fi padà?

Àwọn mìíràn á ní ọ̀fẹ́ ni Linux, kí ló dé tí tálákà ò dì í mú? Lóòótọ́, Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa dá sílẹ̀ ní 2004, fi CD ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 2011. Àmọ́ ọ̀fẹ́ kì í fa ẹni tí kò sanwó rí mọ́ra: BSA, àjọ àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, ṣírò pé ní 2011, nǹkan bí 82 nínú 100 ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé sórí ẹ̀rọ ní Nàìjíríà ni kò ní ìwé àṣẹ. Níbi tí wọ́n ti ń da Windows kọ láti CD kan sí òmíràn, ọ̀fẹ́ Linux ò já mọ́ nǹkan. Ubuntu ìgbà náà kì í kọ orin MP3 àfi tí èèyàn bá lọ fa ohun tó kù látorí íntánẹ́ẹ̀tì, data sì wọ́n bí ojú. CorelDRAW tí àwọn atẹ̀wé fi ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó àti káàdì ìsìnkú, orí Windows ni wọ́n ti ń lò ó. Mo gbà pé fáírọ́ọ̀sì orí fláàṣì kì í sábà ran Linux, èyí kì í ṣe èrè kékeré. Ṣùgbọ́n bí fáírọ́ọ̀sì bá ba Windows jẹ́, atúnkọ̀ǹpútàṣe kò jìnnà. Bí Linux bá kọ̀ tí kò tàn, ta ni èèyàn máa ké sí?

Kò tilẹ̀ dìgbà tí ọ̀rọ̀ bá kan Linux kí èèyàn tó kọ àyípadà. Ní 2012, Microsoft fúnra rẹ̀ yọ bọ́tìnnì Start kúrò nínú Windows 8. Ariwo pọ̀ débi pé wọ́n dá bọ́tìnnì náà padà ní 2013, wọ́n sì dá Start menu tí bọ́tìnnì náà ń ṣí padà nínú Windows 10 ní 2015. Ọ̀lẹ ha ni gbogbo ayé bí?

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, Microsoft dẹ́kun àtúnṣe déédéé fún Windows 10, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ àtijọ́ kò sì lè gba Windows 11. Àǹfààní nìyí fún Linux. Ẹ̀yin tí ẹ ń polówó rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi akọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ná; ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù àti atúnkọ̀ǹpútàṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ kọ́.