Ìbọn Tòkunbọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò gbà kí wọ́n kọjú ẹ̀ sí òun? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ìbọn gígùn tí sójà ń gbé kọ́ èjìká o. Ìbọn ìléwọ́ ni, irú èyí tó ṣeé kì bọ àpò.

Gbogbo wa la mọ tòkunbọ̀. Mọ́tò tòkunbọ̀, fìríìjì tòkunbọ̀, tẹlifíṣọ̀n tòkunbọ̀: ohun tí òyìnbó lò tó sú u, tó wá gba orí òkun dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ má rò pé àwa nìkan la ń ra irú ọjà bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà náà rà á rí, ìbọn sì wà lára ohun tí wọ́n rà. Ọ̀kan nínú àwọn ìbọn tòkunbọ̀ wọ̀nyẹn, $29.95 péré ni wọ́n tà á, ó sì wà lára ohun tó yí òfin Amẹ́ríkà padà. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ìbọn tó jẹ́. Revolver ni ìbọn ìléwọ́ tó ní sìlíńdà kékeré tó ń yí. Ihò mẹ́fà ló sábà máa ń wà lára sìlíńdà yìí, ọta kọ̀ọ̀kan nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Samuel Colt, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí tirẹ̀ ní 1836. Ti Colt yìí, kí èèyàn tó yìn ín, ó ní láti fi àtàǹpàkò fa òòlù ìbọn sẹ́yìn ná, kó tó wá fi ìka fa trígà. Bó bá tún fẹ́ yìn ín, àtàǹpàkò náà lá tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní 1851, nígbà àfihàn ọjà ńlá tí gbogbo ayé wá wò ní London, Colt pàtẹ tirẹ̀, àmọ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Robert Adams, náà pàtẹ tirẹ̀. Ti Adams ò ní kinní àtàǹpàkò nínú. Fa trígà báyìí, òòlù á gbéra fúnra rẹ̀, sìlíńdà á yí, òòlù á já, ó ti ró nìyẹn. Ó yára lóòótọ́, àmọ́ trígà rẹ̀ le láti fà, kì í jẹ́ kí ọwọ́ dúró sójú kan. Ní 1856, ọ̀gá sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Beaumont, da ọgbọ́n méjèèjì pọ̀: ẹni tó bá ráyè á fi àtàǹpàkò fa òòlù kó lè fojú sun ún dáadáa, ẹni tí ọ̀tá ti ká mọ́ á kàn fa trígà. Ọ̀nà méjì nínú ìbọn kan, òun ni wọ́n ń pè ní double-action.

Ilé iṣẹ́ Smith & Wesson ní ìlú Springfield, ní Massachusetts, gbé double-action tiwọn kan jáde ní 1899, wọ́n pè é ní Military & Police. Ọta mẹ́fà ló ń gbà, ọlọ́pàá kárí Amẹ́ríkà sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, ìbọn ìléwọ́ kò tó nílẹ̀ ní Ìlú Ọba. Ní oṣù Kẹta 1941, Amẹ́ríkà ṣe òfin Lend-Lease tó fún wọn láyè láti máa kó ohun ìjà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó wà lójú ogun. Revolver tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù ni Smith & Wesson kó fún Ìlú Ọba àti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà ogun náà. Láti 1942, wọ́n ń kọ lẹ́tà V síwájú nọ́ńbà rẹ̀, V fún Victory, ìyẹn ìṣẹ́gun. Wọn ò dán ara rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, torí ogun ò dúró de ẹni tó ń dán irin. Ọ̀pá èyí tí wọ́n kó lọ sí Ìlú Ọba sábà máa ń gùn tó íǹṣì márùn-ún, ọta .38 tí sójà ibẹ̀ ń lò ló sì ń gbà.

Ogun parí ní 1945. Kí ni wọ́n fẹ́ fi òbítíbitì ìbọn ṣe? Àwọn oníṣòwò rà wọ́n lópòó, wọ́n kó wọn gba orí òkun padà sí Amẹ́ríkà tí wọ́n ti wá. Ṣé ẹ rí i pé tòkunbọ̀ gidi ni? Àmọ́ wàhálà kan wà. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló ń fẹ́ ìbọn kúkúrú tó ṣeé fi pamọ́, ọta Ìlú Ọba yẹn náà ò sì wọ́pọ̀ lọ́jà wọn. Ní wọ́n bá gé ọ̀pá púpọ̀ nínú wọn kù sí nǹkan bí íǹṣì méjì, wọ́n sì gbẹ́ ihò sìlíńdà wọn kó lè gba ọta .38 Special tó kún ìgboro, gẹ́gẹ́ bí mẹkáníìkì tiwa ṣe máa ń tún inú mọ́tò tòkunbọ̀ ṣe kí epo tiwa lè bá a lára mu. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó máa wúlò níwájú.

Ní oṣù Kìíní 1963, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Dallas, ìpínlẹ̀ Texas, kọ fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí oníṣòwò ìbọn kan ní Los Angeles. Ó fi $10 sínú rẹ̀, á san $19.95 tó kù nígbà tí ẹrù bá dé. Ó pe ara rẹ̀ ní A. J. Hidell. Irọ́ ni. Lee Harvey Oswald ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 23 ni, ìyẹn ni pé ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ èmi àti ìwọ tó ń ka ìwé yìí. Fọ́ọ̀mù náà ń fẹ́ ẹlẹ́rìí tí yóò sọ pé ẹni tó ń rà á kì í ṣe ọ̀daràn. Ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀ lóòótọ́, D. F. Drittal ni wọ́n kọ. Nígbà tí àwọn tó mọ̀ nípa ìkọ̀wé yẹ̀ ẹ́ wò nígbẹ̀yìn, ọwọ́ Oswald kan náà ló kọ ọ́. Òun ló ra ọjà, òun náà ló tún jẹ́rìí ara rẹ̀! Kò sẹ́ni tó rí ojú rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkankan. Ní 20 oṣù Kẹta, wọ́n fi ìbọn náà ránṣẹ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni oníṣòwò mìíràn ní Chicago fi ìbọn gígùn ránṣẹ́ sí i, àlòkù sójà Ítálì, $19.95 láìka owó ìfiránṣẹ́.

Ní 22 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n yin ìbọn gígùn yìí lu Ààrẹ John F. Kennedy ní Dallas, ó sì kú. Nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lẹ́yìn náà, ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ J. D. Tippit dá ọkùnrin kan dúró ní àdúgbò Oak Cliff. Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò báyìí, ọkùnrin náà fa revolver yọ, ọta mẹ́rin ló wọlé sára Tippit. Ọmọ ọdún 39 ni, bàbá ọmọ mẹ́ta. Gbogbo ayé ló mọ orúkọ Kennedy. Ti Tippit, àwọn ará ilé rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n jù. Inú ilé sinimá ni wọ́n ti mú Oswald, tòun ti revolver náà. Ìgbìmọ̀ Warren tó wádìí ọ̀rọ̀ yìí gbé ìwé jáde ní 1964, wọ́n ní òun ló pa àwọn méjèèjì.

Ẹ wá wo ibi tí àtúnṣe tòkunbọ̀ ti padà ní ìtumọ̀. Nígbà tí wọ́n yọ ọta lára Tippit, àwọn onímọ̀ FBI kò lè búra pé inú ìbọn yẹn gan-an ló ti jáde. Ìdí ni pé ọta Ìlú Ọba tí wọ́n ṣe ọ̀pá náà fún fi díẹ̀ sanra ju .38 Special lọ. Nítorí náà, ọta tuntun ń gba inú ọ̀pá kọjá láì fara kan an bó ṣe yẹ, àpá tí ì bá fi í hàn kò sì dúró dáadáa lára rẹ̀. Àmọ́ revolver kì í tu èèpo ọta dànù fúnra rẹ̀, ẹni tó yìn ín ló ń fọwọ́ dà á nù. Apààyàn náà da èèpo nù bó ṣe ń sá lọ, wọ́n sì rí mẹ́rin he. Àwọn èèpo wọ̀nyẹn bá ìbọn náà mu wẹ́kú. Ọta ò lè sọ̀rọ̀, èèpo ló sọ ọ́.

Oswald ò dé iwájú adájọ́. Ní 24 oṣù Kọkànlá, Jack Ruby yin ìbọn lu òun náà níwájú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n. Double-action náà ni Ruby lò, Colt Cobra. Ní 1991 wọ́n lu ìbọn Ruby yìí ní gbàǹjo ní New York, $220,000 ni wọ́n rà á. Ti Oswald wà nínú ilé ìpamọ́ nǹkan ìtàn ìjọba Amẹ́ríkà, kò sí lọ́jà. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: ohun tó gba ẹ̀mí èèyàn, bó bá ti pẹ́ díẹ̀, owó ló ń dà.

Kí Kennedy tó kú ni Sẹ́nétọ̀ Thomas Dodd ti gbé àbá òfin wá lórí ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ gba ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọn ò dá a lóhùn. Ó di 1968, nígbà tí wọ́n pa Martin Luther King ní oṣù Kẹrin, tí wọ́n sì pa Robert Kennedy, àbúrò Ààrẹ tó kú, ní oṣù Kẹfà (revolver ni wọ́n fi pa òun náà), kí ọ̀rọ̀ tó yé wọn. Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tuntun ní 22 oṣù Kẹwàá 1968. Òfin yìí fòpin sí kí ará ìlú máa fi fọ́ọ̀mù lásán ra ìbọn láti ìpínlẹ̀ mìíràn, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ kíkó àlòkù ìbọn ogun wọlé. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yẹn díẹ̀ padà ní 1984 nítorí àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ.

Àwọn wọ̀nyí pọ̀ gan-an lọ́hùn-ún. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn sọ pé ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀, nǹkan àtijọ́ ni, kò sí lábẹ́ òfin ìbọn bíi tòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ní òfin tirẹ̀. Èyí tó bá ti pé àádọ́ta ọdún, láísẹ́ǹsì pàtàkì kan wà fún olùkójọ, $30 fún ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n rà kì í kánjú. Á wò ó bóyá nọ́ńbà ara rẹ̀ bára mu. Á rọra fa òòlù rẹ̀ láìsí ọta nínú, kó rí i pé sìlíńdà yí dé ibi tó yẹ, ó sì dúró gbọin kí òòlù tó já, torí bí ihò kò bá kojú ọ̀pá dáadáa, ewu ni fún ẹni tó yìn ín pàápàá. Victory tí ọ̀pá rẹ̀ ṣì gùn ni wọ́n ń wá. Irú èyí tí wọ́n gé bíi ti Oswald, iye rẹ̀ ti já.

Ní Ìlú Ọba, ojú òfin le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 13 oṣù Kẹta 1996, ọkùnrin kan wọ ilé ìwé àwọn ọmọdé ní Dunblane, ní Scotland, ó pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn kan. Ìbọn ìléwọ́ mẹ́rin tó gbé lọ, méjì nínú wọn revolver, ó ní láísẹ́ǹsì wọn. Ní 1997, òfin gba ọ̀pọ̀ jù lọ ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ ará ìlú ní England, Scotland àti Wales. Àwọn àtijọ́ nìkan ni wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ lára wọn, èyí tí wọn kì í ṣe ọta rẹ̀ mọ́. Nígbà tí àwọn ọ̀daràn tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn àtijọ́ yìí lò, ìjọba yọ irú ọta méje kúrò nínú àyè yẹn ní 2021.

Àwa ńkọ́? Tiwa bẹ̀rẹ̀ láti ayé àwọn bàbá ńlá wa. Nínú Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Èkìtì Parapọ̀ fi ìbọn tí à ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn, tí àwọn ọmọ wọn ní Èkó bá wọn wá, ya Ìbàdàn lẹ́nu. Ní 2 oṣù Keje 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels. Ọ̀rọ̀ òwò ẹrú ni wọ́n ní àwọn fẹ́ parí, àmọ́ wọ́n fi kún un pé ìbọn tuntun kò gbọdọ̀ wọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Ṣakabùlà àti ẹ̀tù lásán ni wọ́n fi àyè gbà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Maxim, arọ̀jò ọta, wá jà ní Ìjẹ̀bú. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 jọ àdéhùn yẹn lójú tèmi. Ọdẹ lè gba láísẹ́ǹsì ṣakabùlà, àmọ́ revolver àti gbogbo ìbọn ìléwọ́, títí kan èyí tí ń fi òkúta ìṣáná ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́, wà lára ohun èèwọ̀ tó jẹ́ pé Ààrẹ nìkan ló lè fúnni láṣẹ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún mẹ́wàá. Ohun tí ẹlòmíì fi ṣe ọ̀ṣọ́ sínú gíláàsì ní Texas, ẹ̀wọ̀n gbọọrọ ni níbí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní òyìnbó ló fi òfin yẹn dè wá lọ́wọ́. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Àmọ́ ẹ rántí 10 oṣù Keje 1999, nígbà tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn gbé ìbọn àti àáké wọ Awolowo Hall ní Fásitì Ifẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún kú, George Iwilade tí wọ́n ń pè ní Afrika, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, wà lára wọn. Àwọn tó ń gbé ìbọn ìléwọ́ káàkiri ọgbà ilé ìwé kì í béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é, wọn kì í sì í kọ fọ́ọ̀mù. Wọ́n kàn mọ̀ pé ó ń ró ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọ̀kan hàn ọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, tó ní nǹkan àtijọ́ lásán ni, àlòkù, kò lè ṣe nǹkankan, rántí pé àlòkù ni ti Oswald náà. Ọta mẹ́fà ló ń gbà. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.