Ooru Láti Yàrá Dé Yàrá

Bí a bá ń pìtàn ilé kíkọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ògiri àti òrùlé ni a máa ń sọ. A kì í sọ ti ooru. Nínú agbo ilé àtijọ́, ògiri amọ̀ nípọn, ẹnu ọ̀nà yàrá gbogbo sì kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá. Ooru tí ó bá jáde, ojú ọ̀run ni í gbà lọ, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́.

Àwọn Àgùdà tí wọ́n padà bọ̀ láti Bàhíà lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ Màlé ti 1835 mú ilé mìíràn wọ Èkó: pásẹ́ẹ̀jì là á láàárín, yàrá kọjú sí yàrá. Ilé tí ó lẹ́wà ni, n kò bú u. Ṣùgbọ́n kí atẹ́gùn tó dé yàrá kan, ó di dandan kí ó la èyí tí ó wà ní ọ̀kánkán rẹ̀ kọjá. Èyí rọrùn fún ọmọ ìyá. Nígbà tí a sọ ọ́ di ilé ayálégbé ńkọ́? Ta ni yóò ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún àjèjì lóru? Bí ẹnì kan bá ti tirẹ̀, ẹnì kejì ni yóò làágùn. Bí ẹnì kan bá sì dáná sítóòfù ní pásẹ́ẹ̀jì, gbogbo ilé ni yóò jọ yá a.

Maxwell Fry àti Jane Drew, tí wọ́n ya àwòrán ilé fún University College, Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948, gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ padà sí ìta. Ìlànà wọn, tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ní 1956, ni pé kí ìbú ilé má ju yàrá kan lọ, kí atẹ́gùn lè là á kọjá. Ògiri oníhò ni wọ́n fi ń dí oòrùn. Eruku ọyẹ́ náà a sì máa gba ihò wọ̀nyí wọlé.