Orúkọ Àpèlé Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àti Bí Wọ́n Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìrìbọmi ti ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Èkó tàbí ní Abẹ́òkúta, kò ní ka ojú-ìwé púpọ̀ kí ó tó bá Johnson pàdé, àti Williams, Davies, Taylor, Wright, Smith, Coker. Àwọn orúkọ wọ̀nyí ti pẹ́ lẹ́nu wa tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọdé fi gbà pé orúkọ Èkó gan-an ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń jẹ́ ọ̀kan nínú wọn pé kí ni orúkọ náà wí, ẹ̀rín ni ó máa ń rín, kò sì ní èsì. Ohun ìyanu ni èyí láàárín àwa tí à ń wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú wo ilé. Irú ilé tí wọ́n wò, àti bí ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ṣe di ogún fún àtọmọdọ́mọ, ni a fẹ́ rò fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Kí ọdún 1066 tó dé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní orúkọ àpèlé, èyíinì ni orúkọ ìdílé tí bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Orúkọ kan ṣoṣo ni olúkúlùkù ń jẹ́, ó sì ní ìtumọ̀ bí tiwa: Edward ni ẹni tí ń ṣọ́ ọrọ̀, Athelstan sì ni òkúta ọlọ́lá. Ní ọdún náà ni William, olórí ilẹ̀ Normandy, ti òdìkejì òkun wá, tí ó ṣẹ́gun wọn, tí ó sì jọba lé wọn lórí. Kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ni ó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kí igba ọdún tó pé, àwọn tí a ṣẹ́gun ti pa púpọ̀ nínú orúkọ àwọn baba ńlá wọn tì, wọ́n sì ń sọ ọmọ wọn ní William, Robert àti Richard, orúkọ àwọn tí ó ṣẹ́gun wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Nígbà tí ó wá di pé William mẹ́rin àti John márùn-ún ń bẹ ní abúlé kan náà, wọ́n ní láti fi àmì sí wọn. Ọ̀kan di John ọmọ William, èkejì John alágbẹ̀dẹ, ẹ̀kẹta John ẹ̀bá òkè, ẹ̀kẹrin John onírun pupa. Èyí kò ṣe àjèjì sí wa, nítorí bí Àjàyí méjì bá ń gbé àdúgbò kan, a mọ ohun tí a ó ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni nígbà náà. Bí John alágbẹ̀dẹ bá kú, tí ọmọ rẹ̀ sì ń yan búrẹ́dì, Baker ni wọn yóò máa pe ọmọ náà, kò sì sí ẹni tí yóò bínú sí i.

Kálàmù akọ̀wé ni ó sọ ọ̀rọ̀ ẹnu yìí di ohun tí kò yí padà mọ́. Àwọn ìjòyè tí ó bá William wá ni ó kọ́kọ́ ń fi orúkọ ilẹ̀ wọn ṣe àpèlé, kí ọmọ má baà pàdánù ogún rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó kan àwọn mẹ̀kúnnù. Ní 1377 ìjọba gbé owó-orí kalẹ̀, pẹ́nì mẹ́rin lórí olúkúlùkù tí ó bá ti ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, àfi àwọn alágbe. Wọ́n tún gba irú rẹ̀ ní 1379 àti ní 1381. Akọ̀wé ń lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń bèèrè orúkọ àti iṣẹ́. Àgbẹ̀ tí ó dúró níwájú rẹ̀ kò mọ̀wé. Ohun tí akọ̀wé bá kọ, òun náà ni. Owó-orí ti 1381 ni ó mú kí àwọn mẹ̀kúnnù dìde sí ìjọba, orúkọ olórí wọn sì ni Wat Tyler, tí a pa ní Smithfield ní London. Ẹni tí ń fi amọ̀ sísun bo orùlé ni Tyler.

Síbẹ̀, ní ìgbà náà gan-an ni orúkọ ti ń fi ẹni tí ń jẹ́ ẹ sílẹ̀. Geoffrey Chaucer, akéwì ńlá tí ó kú ní 1400, ń jẹ́ orúkọ tí ó túmọ̀ sí ẹni tí ń ṣe ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà, bẹ́ẹ̀ ni wáìnì ni bàbá rẹ̀ ń tà. Ní nǹkan bí ìgbà ikú rẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní àpèlé. Nígbà tí Thomas Cromwell, ìránṣẹ́ Ọba Henry Kẹjọ, sì pàṣẹ ní 1538 pé kí gbogbo ìjọ máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sínú ìwé, ilẹ̀kùn tì.

Ní ti orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ wa jùlọ. Smith ni alágbẹ̀dẹ, òun ni ó sì pọ̀ jùlọ nínú gbogbo àpèlé wọn. Ẹni tí ó bá mọ ipò tí alágbẹ̀dẹ wà láàárín wa kò ní bèèrè ìdí rẹ̀. Taylor ni aránṣọ, láti inú ọ̀rọ̀ Faransé tí ó jẹ mọ́ gígé aṣọ. Wright ni ẹni tí ń fi igi ṣe iṣẹ́ ọnà, Cartwright sì ni ẹni tí ń kan kẹ̀kẹ́ ẹrù. Clark ni akọ̀wé, tí kò gbàgbé ara rẹ̀ nígbà tí ó ń kọ ti àwọn ẹlòmíràn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tilẹ̀ bí orúkọ mẹ́ta. Bí wọ́n bá hun aṣọ irun àgùntàn tán, kì í ki. Wọ́n ní láti rì í sínú omi, kí wọ́n sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ki. Ẹni tí ń ṣe èyí ní gúúsù ìlà-oòrùn ni Fuller, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni Tucker, ní ìhà àríwá sì ni Walker, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé arìnrìn-àjò ni. Ìrìn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí aṣọ nínú omi ni wọ́n ti ń rìn ín. Àwọn obìnrin pẹ̀lú fi orúkọ sílẹ̀: ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, Baxter ni obìnrin tí ń yan búrẹ́dì, Webster sì ni obìnrin tí ń hun aṣọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé onírùngbọ̀n ń jẹ́ wọn lónìí.

Orúkọ bàbá kò le láti mọ̀. Johnson ni ọmọ John, Watson ni ọmọ Wat, èyí tí í ṣe àgékúrú Walter. Davies àti Williams, ọmọ David àti ọmọ William, pọ̀ jọjọ ní ilẹ̀ Wales, níbi tí olúkúlùkù ti ń fi "ap", èyíinì ni ọmọ, ṣáájú orúkọ bàbá rẹ̀. Láti inú ap Rhys ni Price ti jáde. Ní ti orúkọ ibùgbé, Hill ni ará òkè, Washington sì ni abúlé kan ní Durham tí àwọn baba ńlá ààrẹ àkọ́kọ́ ti Amẹ́ríkà ti mú tiwọn. Armstrong ni alápá líle. Fox ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ẹ̀yin náà lè ro ìdí rẹ̀.

Àwa náà ti ní orúkọ iṣẹ́ rí kí a tó rí ìwé. Ilé alágbẹ̀dẹ àti ilé ọdẹ ń fi Ògún ṣáájú, ilé onílù ń fi Àyàn, ilé babaláwo ń fi Ifá, ilé eléégún ń fi Ọ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì so gbogbo orúkọ náà mọ́lẹ̀; orí rẹ̀ nìkan ni àwa so, a sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ohun tí ojú ilé rí ní ọjọ́ tí a bí ọmọ. Ògúndélé àti Ògúnbíyìí lè jẹ́ ọmọ bàbá kan náà. Smith àti àbúrò rẹ̀ kò ní ju Smith lọ. A kò ní fi pamọ́ pé tiwa wù wá jù.

Báwo wá ni Johnson ṣe dé Abẹ́òkúta? Kálàmù akọ̀wé kan náà ni. Àwọn ènìyàn wa tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò-ẹrú ni a gúnlẹ̀ sí Freetown ní Sàró, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti gba orúkọ àwọn míṣọ́nárì àti ti àwọn olóore tí ń bẹ ní òkèèrè. A mú Àjàyí ní Òṣogùn ní 1821, a dá a nídè ní 1822, a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, 1825, pẹ̀lú orúkọ àlùfáà kan ní London, Samuel Crowther. Ohun èlò orin olókùn kan wà láyé àtijọ́ tí a ń pè ní "crowd", ó jọ gòjé. Ẹni tí ń ta á ni Crowther. Orúkọ tí a fi jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tí gbogbo wa ń fi ọ̀wọ̀ pè, Onígòjé ni. Àjàyí ni ó sọ bí a ti bí i, ọmọ tí ó dojúbolẹ̀.

Níhìn-ín ni a padà sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba orúkọ aṣẹ́gun. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n gbà á, ìran lẹ́yìn ìran, àpèlé tí wọ́n sì fi lé e jẹ́ òtítọ́ nígbà tí a kọ́kọ́ pè é: alágbẹ̀dẹ ń rọ irin, John ní ọmọ. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni àwọn ará wa gba tiwọn, lẹ́yìn tí ìtumọ̀ rẹ̀ ti kú ní ilé tí ó ti wá. Samuel Johnson, tí a bí ní Hastings ní Sàró ní 1846, tí ó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, ṣe àlàyé orúkọ Yorùbá lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Lábẹ́ orúkọ tí ó wí pé ọmọ John ni òun ni ó ti kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni Henry ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́. Àwọn mìíràn kò lè fara dà á. Ní 1887 William James Davies di Orishatukeh Faduma. Ní 1894 David Brown Vincent di Mojola Agbebi. A yìn wọ́n, ṣùgbọ́n a kò dá àwọn tí ó pa tiwọn mọ́ lẹ́bi, nítorí orúkọ tí ìran mẹ́ta ti sin òkú wọn pẹ̀lú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀wù tí a kàn ń bọ́ sọnù.

Ẹ wo Jacob Kẹ́hìndé Coker, olóko kòkó pàtàkì nì ní Agége, tí ó kú ní 1945. Coker jẹ́ orúkọ ìletò ní Somerset, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kẹ́hìndé ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ ọ pé ìbejì ni, àti pé òun ni ó gbẹ̀yìn dé. Jacob sì ni ìbejì inú Bíbélì tí ó di gìgísẹ̀ Esau mú nígbà tí ó ń tẹ̀lé e bọ̀ wá sí ayé. Ó dà bí ẹni pé ẹni tí ó fún un ní orúkọ ìrìbọmi náà ti wo ilé.