Omi Tí Windhoek Dà Síwájú

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn àgbà kì í sábà fi òwe yìí sọ ọ̀rọ̀ omi. Ọ̀rọ̀ oore ni wọ́n máa ń fi í sọ: ẹni tó rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sílé ìwé, ẹni tó gba àlejò sílé, ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ló ń ṣe é de. Ṣùgbọ́n bí a bá tú òwe náà wò, nǹkan mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Onítọ̀hún ní omi lọ́wọ́ nígbà tó ń dà á. Ó mọ ọ̀nà tí òun yóò gbà. Kò sì dúró kí ilẹ̀ gbígbóná jó òun lẹ́sẹ̀ kó tó ṣe é. Láyé òde òní tí omi mímu ti ń di ọ̀wọ́n, ìlú kan wà nílẹ̀ Áfíríkà tó ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Omi pọ̀ láyé, iyọ̀ ló gba èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ ọmọ aráyé. Bí ìdá mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ni kò níyọ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìyẹn ló sì dì sí yìnyín. Ìwọ̀nba tó kù nínú odò, adágún àti abẹ́ ilẹ̀ ni èèyàn, ẹran àti oko jọ ń pín. Oko nìkan ń gba bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo èyí tí à ń fà lò. Ìṣirò WHO àti UNICEF fún ọdún 2022 fi hàn pé èèyàn bílíọ̀nù 2.2 ni kò ní omi tó mọ́, tó wà nínú ilé, tó sì wà nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ ẹ.

Windhoek, olú-ìlú Nàmíbíà, wà láàárín aṣálẹ̀ Namib àti Kalahari. Òjò kì í pọ̀ níbẹ̀, oòrùn sì ń fa omi dáàmù ju bí òjò ṣe ń dá a padà lọ. Ẹnubodè ni gbogbo odò tí kì í gbẹ ní orílẹ̀-èdè náà wà. Okavango jìnnà sí Windhoek tó nǹkan bí kìlómítà 700. Ní ọdún 1968, ìlú náà dá àṣà tí ìlú kankan kò tíì dá rí: ó gba omi tó ti ti balùwẹ̀, ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jáde, ó tún un ṣe ní ibùdó Goreangab, ó sì dá a padà sínú páìpù omi mímu.

Ọ̀pọ̀ ló máa yínmú sí i. Bẹ́ẹ̀, ojú ni omi náà rí kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ. Kòkòrò tí ojú kò lè rí ló kọ́kọ́ ń jẹ ìdọ̀tí inú rẹ̀ ní ibùdó mìíràn. Bó bá dé Goreangab, wọ́n á fi oògùn so ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ pọ̀, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nísàlẹ̀ kó lè léfòó, wọ́n á wá ré e kúrò bí ẹni ń ré ìfófòó ojú ọbẹ̀. Iyanrìn á sẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ ózóònù á pa kòkòrò inú rẹ̀, èédú á fa èyí tó kù mọ́ra, asẹ́ tí ihò rẹ̀ kò gba bakitéríà á tún un sẹ́, kí kiloríìnì tó kan án. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á pò ó mọ́ omi dáàmù. Omi ìdọ̀tí iléeṣẹ́ ńláńlá kì í dé ibẹ̀ rárá nítorí májèlé. Páìpù tirẹ̀ yàtọ̀. Ibùdó tuntun tí wọ́n ṣí ní 2002 lè ṣe lítà mílíọ̀nù 21 lójúmọ́, ó sì tó bí ìdá kan nínú mẹ́rin omi tí ìlú ń lò.

Omi tí wọ́n ń fi pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀ ló wá bá òwe mu jù. Bí dáàmù bá kún, wọ́n á tún omi rẹ̀ ṣe, wọ́n á fi ẹ̀rọ tì í wọ inú àpáta tó wà lábẹ́ ìlú, níbi tí oòrùn kò ti lè fà á. Nígbà tí ọ̀dá dé ní nǹkan bí 2015 sí 2016, tí dáàmù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, omi inú àpáta ni ìlú náà gbójú lé.

Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà, kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀dá tirẹ̀ dé. Ní 2018, lítà 50 péré ni wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa lò lójúmọ́, wọ́n sì ń ka ọjọ́ tí wọn yóò ti omi ẹ̀rọ pa. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n sáré gbé kalẹ̀ láti yọ iyọ̀ omi òkun kò pèsè ju díẹ̀ lọ. Ìṣọ́ra ará ìlú àti òjò ló kó wọn yọ.

Ìmọ̀ tuntun kò dúró sórí omi ìdọ̀tí. Ní Amman, olú-ìlú Jọ́dánì, ni wọ́n bí Omar Yaghi ní 1965, ọmọ àwọn ará Palẹstínì tí ogun lé kúrò nílé. Ilé wọn kò ní omi ẹ̀rọ. Wákàtí mélòó kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ni omi ń dé àdúgbò, ọmọ náà á sì máa sáré pọn ún kún gbogbo ohun èlò. Ní 2025, òun, Susumu Kitagawa àti Richard Robson jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì, nítorí èròjà tí wọ́n ń pè ní MOF, tí inú rẹ̀ kún fún ihò tíntìntín. Bí ilẹ̀ bá ṣú, oríṣi rẹ̀ kan ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bí oòrùn bá mú un, ó ń tú u sílẹ̀ ní omi. Wọ́n ti dán an wò ní aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà, omi sì jáde. Ṣùgbọ́n omi mímu ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi èròjà yìí ṣe wà fún. Kò lè bomi rin oko.

Ní ti ilẹ̀ Yorùbá wa, òjò tó ń rọ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún ju ìlọ́po mẹ́ta ti Windhoek lọ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá kọ́lé tuntun, onílé á gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síwájú, á gbẹ́ sókàwéè sẹ́yìn, nínú ọgbà kan náà. Páìpù kò sí tó ń kó omi ìdọ̀tí gbogbo ilé lọ sójú kan. Nítorí náà, bí ìjọba bá tilẹ̀ ra irú ẹ̀rọ Goreangab lónìí, kò sí ohun tí wọn yóò bù sí i. Ibi tó yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ẹ́sítéètì tí wọn kò tíì kọ́: kí wọ́n ri páìpù omi ìdọ̀tí kí wọ́n tó da ọ̀dà sí títì, kí òrùlé kọ̀ọ̀kan ní tánkì òjò, kí ẹni tó gbẹ́ kànga sì kọ bí omi rẹ̀ ṣe jìn tó sílẹ̀ lọ́dọọdún fún ìjọba ìbílẹ̀. Gbogbo èyí lè wà nínú ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí kí wọ́n tó gba onílé láyè láti kọ́lé.