Ooru láìsí ahọ́n iná: Bí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ń fi iná mànàmáná jó irin pọ̀

Ẹni tó bá ti dé ìsọ̀ àwọn tó ń tún firiji ṣe rí yóò ti rí bí wọ́n ṣe ń jó páìpù bàbà pọ̀. Ọ̀gá yóò tan iná gáàsì, yóò na ahọ́n iná náà sí ibi tí páìpù méjèèjì ti wọ inú ara wọn, yóò sì máa wo àwọ̀ bàbà náà. Bí ó bá ti pọ́n dáadáa, yóò fi ọ̀pá ìjó kàn án, ọ̀pá náà yóò yọ́, yóò sì ṣàn wọ inú àlàfo tó wà láàárín wọn. Ojú ọ̀gá ni òṣùwọ̀n. Bí ojú bá tan ọ̀gá jẹ, gáàsì inú firiji yóò máa jò díẹ̀díẹ̀, oníbàárà yóò sì padà wá pẹ̀lú ìbínú.

Ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ amúlétutù, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti oníbàárà kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí àwọn kan nínú wọn fi pa iná gáàsì tì, tí wọ́n ń lo ooru tí iná mànàmáná ń bí sínú irin fúnra rẹ̀.

Ìmọ̀ tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1831 ni Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàwárí pé bí agbára òòfà bá ń yí padà nítòsí waya, iná mànàmáná yóò máa sáré nínú waya náà láìjẹ́ pé nǹkan kan kàn án. Orí ìmọ̀ yìí kan náà ni tíránsífọ́mà tó ń gbé iná wá sí àdúgbò ń ṣiṣẹ́ lé.

Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò ni páìpù bàbà tí wọ́n ká, tí a ń pè ní kọ́ìlì. Omi tútù ń ṣàn nínú rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ má baà yọ́. Iná tó ń gba ara kọ́ìlì náà kọjá ń yí padà ní ẹgbẹẹgbàárùn-ún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà mìíràn ó ń lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún. Bí wọ́n bá gbé irin sí àárín rẹ̀, láìfi kan ara kọ́ìlì, iná mìíràn yóò jí nínú irin náà, yóò sì di ooru. Kò jẹ́ ìyàlẹ́nu bí ẹni tó kọ́kọ́ rí i bá pè é ní idán: irin ń pọ́n, kò sí iná níbẹ̀.

Bí iná náà bá ṣe ń yára yí padà tó ni ooru ṣe ń dúró sí ojú irin. Nítorí náà, ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń fún ní èyí tó yára, ohun tó nípọn ń gba èyí tó rọra.

Àmọ́ gbogbo irin kọ́ ni ó ń gbóná bákan náà. Irin tí òòfà ń fà máa ń tètè gbóná, títí tí yóò fi dé nǹkan bí ìwọ̀n 770 lórí òṣùwọ̀n Celsius, níbi tí òòfà kò ti ní agbára lórí rẹ̀ mọ́. Bàbà ní tirẹ̀ ń jẹ́ kí iná kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí náà ó ń pẹ́ kó tó gbóná. Bí wọ́n bá fẹ́ jó páìpù bàbà mọ́ ẹnu kọ̀mpùrẹ́sọ̀ tó jẹ́ irin, kọ́ìlì gbọ́dọ̀ fi ooru púpọ̀ sí ọ̀dọ̀ bàbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irin yóò ti gbóná jù kí bàbà tó ṣe tán. Ibi yìí gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Fún páìpù tí a kò lè fà yọ nínú òrùka, wọ́n máa ń ṣe kọ́ìlì tí ẹnu rẹ̀ là bí ẹ̀mú.

Ohun tí wọ́n fi ń lẹ irin pọ̀ pín sí oríṣi méjì. Èyí tó ń yọ́ nísàlẹ̀ ìwọ̀n 450 ni irú tí àwọn alátùn-únṣe rédíò ń pè ní lẹ́ẹ̀dì. Àdàlù òjé àti tánńganran tó wọ́pọ̀ jù ń yọ́ ní ìwọ̀n 183. Èyí tí kò ní òjé, tí àwọn ilé-iṣẹ́ yíjú sí púpọ̀ lẹ́yìn tí òfin àjọ ilẹ̀ Yúróòpù fi òté lé òjé nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ní ọdún 2006, ń fẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n 217. Oríṣi kejì, tó lágbára jù, ń kọjá ìwọ̀n 450. Òun ni wọ́n fi ń jó páìpù bàbà, òun náà ni wọ́n fi ń lẹ eyín líle mọ́ ẹnu ayùn.

Dípò ọ̀pá tí ọ̀gá ń fi ọwọ́ kàn án, òrùka tí wọ́n fi èròjà ìlẹ̀pọ̀ náà ṣe ni wọ́n ń fi sí ojú ìpàdé náà tẹ́lẹ̀. Àlàfo tó wà níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tóbi ju bí irun orí kan tàbí méjì lọ. Lẹ́yìn èyí ẹ̀rọ yóò ka ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yóò sì pa ara rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ àti ti ẹgbẹ̀rún yóò gba ooru kan náà.

Kì í ṣe pé kò léwu. Òrùka ìka ọwọ́ lè gbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì, ẹni tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ amọ́kànṣiṣẹ́ sí láyà gbọ́dọ̀ jìnnà sí i. Ẹ̀rọ náà wọ́n, ó ń fẹ́ iná tí kì í ségesège, kọ́ìlì kan kò sì bá gbogbo iṣẹ́ mu. Fún ìsọ̀ tó ń tún firiji mẹ́ta ṣe lóòjọ́, tí páìpù ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀, iná gáàsì àti ojú ọ̀gá ṣì ni ó rọrùn jù.