Ohun Tó Mú Àlẹ̀mọ́ Eyín Dúró

Ní nǹkan bí 90 ọdún sẹ́yìn, àwọn òṣèré kan wà ní Hollywood tó jẹ́ pé bí oúnjẹ bá ti dé, wọ́n á kọ́kọ́ yọ ẹ̀rín wọn sílẹ̀. Charles Pincus, dókítà eyín tó ń tọ́jú àwọn òṣèré fíìmù, ló ń ṣe èèpo eyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún wọn. Lẹ́ẹ̀ oníyẹ̀fun tí àwọn tó ń lo eyín àtọwọ́dá máa ń lò ló fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú eyín. Shirley Temple, ọmọdé tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà, lo irú rẹ̀ nígbà tí eyín ọmọdé rẹ̀ ń ká, kí òǹwòran má baà rí àlàfo. Bí kámẹ́rà bá ti dúró, ẹwà náà tán.

Ojú eyín dán bí àwo tánganran, itọ́ kì í sì í gbẹ lẹ́nu. Kí ni lẹ́ẹ̀ fẹ́ rí dì mú níbẹ̀?

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kun irin lọ́dà ni ọ̀nà àbáyọ ti wá. Wọ́n máa ń fi ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì fọ irin kí wọ́n tó kùn ún, kí ọ̀dà má baà bó. Olùwádìí kan, Michael Buonocore, rò ó pé ohun tó ṣiṣẹ́ lára irin lè ṣiṣẹ́ lára eyín. Eastman Dental Dispensary ló ti ń ṣèwádìí, ilé ìtọ́jú eyín tí George Eastman, ẹni tó dá Kodak sílẹ̀, fi owó rẹ̀ gbé dìde ní ìlú Rochester, ìpínlẹ̀ New York. Buonocore fi ásíìdì tó jẹ́ ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún pa ojú eyín fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ó fi omi ṣàn án, ó mú kó gbẹ, ó sì kán ike olómi lé e. Lára eyín tí kò rí ásíìdì, ike náà já láàárín wákàtí díẹ̀. Lára èyí tó rí i, ó lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọdún 1955 ló gbé àbájáde náà jáde.

Ásíìdì náà kì í ṣe lẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń lu ihò wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí sára èèpo líle tó bo eyín. Ike olómi á wọnú àwọn ihò náà, á sì le síbẹ̀ bíi gbòǹgbò.

Ṣùgbọ́n ike ìgbà náà fúnra rẹ̀ kò lágbára: ó ń sún kì bó bá ti ń le, ó sì tètè ń jẹ. Rafael Bowen, tó ń ṣiṣẹ́ ní National Bureau of Standards ní Washington, ló wá irú mìíràn. Ó po ìyẹ̀fun òkúta dígí mọ́ ike tuntun kan, bí bíríkìlà ṣe ń da òkúta wẹ́wẹ́ sínú sìmẹ́ǹtì. Ọdún 1962 ló gba ìwé ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ lórí rẹ̀.

Oríṣi ike náà méjì ni wọ́n kọ́kọ́ ń pò pọ̀, dókítà á sì máa sáré kó má le mọ́ ọn lọ́wọ́. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni iná dé, ti onítànṣán tí ojú kò rí ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà iná aláwọ̀ búlúù. Dókítà wá lè fi sùúrù mọ eyín bí amọ̀, kó tó tan iná sí i kó le. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ dídí ihò eyín ti di iṣẹ́ oge pẹ̀lú.

Àbùkù kan ṣì kù. Òkúta inú àdàlù àkọ́kọ́ tóbi. Bí ike bá ti jẹ, orí wọn á yọ síta, ojú eyín á rí ṣákaṣàka, àwọ̀ tíì àti sìgá á sì rí ibi fara mọ́. Àwọn tó tẹ̀ lé Bowen lọ òkúta náà kúnná sí i títí ó fi ń dán bí eyín gidi.

Lónìí, dídí àlàfo eyín iwájú wà lára ohun tí wọ́n ń fi àlẹ̀mọ́, ìyẹn ike tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ eyín yìí, ṣe jù. Ọ̀rọ̀ yìí lè pa Yorùbá lẹ́rìn-ín, torí èjí tí àwọn kan ń sanwó láti dí ni àwọn baba wa ń kà sí ẹwà, àní àwọn mìíràn a máa pa á sẹ́nu.

Ọdún mẹ́ta sí mẹ́wàá ni àwọn dókítà sábà máa ń dá fún àlẹ̀mọ́. Etí rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ hẹ, nítorí náà ẹni tó fẹ́ kó pẹ́ kì í fi eyín iwájú ṣí ìgò, gé èékánná, rún yìnyín tàbí la orógbó. Obì, kọfí àti sìgá ń pa á láró, oògùn ìfọyínfunfun kò sì ràn án. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń fọ eyín funfun ṣáájú, kó tó lẹ ohunkóhun mọ́ ọn. Búrọ́ṣì rírọ̀ ló bá a mu. Èédú àti iyọ̀ á ha á. Ẹni tó ń payín keke lójú oorun nílò ike ìdáàbòbò tí wọ́n ń ki bọ ẹnu lálẹ́.

Bó bá hẹ, wọn kì í sábà yọ gbogbo rẹ̀. Dókítà á ha ojú rẹ̀, á fi ásíìdì pa ibi tí eyín ti hàn, á ṣàn án, á lẹ tuntun mọ́ ọn, á sì tan iná sí i. Ásíìdì tòde òní kò tó ìdajì ti Buonocore ní kíkan, ṣùgbọ́n kì í ju ìṣẹ́jú àáyá 30 náà lọ lójú eyín.